Sípírìn Tuntun Inú Ìbọn Atẹ́gùn

Bàbá Jannat,

Mo ti lọ sí Òwu-Ìsin. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó dé.

Àparò kan bà sí ìdí àgbàdo wa lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, mo bá gbé ìbọn atẹ́gùn yín. Bí mo ṣe ń fa ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ láti fi ọta sí i ni mo ti mọ̀ pé ẹ ti ní kí wọ́n pààrọ̀ sípírìn rẹ̀. Ó le, ṣùgbọ́n mo yìn ín. Tẹ́lẹ̀, ẹyẹ á ṣubú, á ṣì máa lu apá nílẹ̀ títí màá fi mú ọ̀bẹ dé, màá ṣe bísímílà, màá dú u. Tòní ti kú kí n tó débẹ̀. Òkúǹbete ni, kò ṣe é jẹ fún wa. Mo gbé e fún ajá Gana, aládùúgbò wa. Ìṣápá tí ẹ máa bá nínú ìkòkò kò ní ẹran.

Ìbọn ẹyẹ ni wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ yín, kì í ṣe irú èyí. Ẹ má gbé e kọjá níwájú ọlọ́pàá lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ pe ẹni tó bá yín ṣe é wá sílé, kó dá sípírìn àtijọ́ padà. Ó wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ẹ fi pamọ́ sí.

Ọta náà gba ara ẹyẹ kọjá, ó sì lu páànù ibi àlùwàlá yín já. Ẹ ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí nígbà náà. Kí ẹ tó bá mi jiyàn, ẹ jókòó sórí àpótí yín níbẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ihò náà ṣe déédéé lára yín.