Òbí Mọ́kànlélógójì Ló Tẹ̀ka fún Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi obìnrin,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹni tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín yóò máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Ara wa le, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe é.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, wọ́n ti tú àbúrò rẹ sílẹ̀! Oṣù méje tí wọ́n fi tì í mọ́lé nílẹ̀ òkèèrè nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú, oorun ò kun ojú mi. Àná ni mo tó sùn, mo sùn débi pé ìyá rẹ gbé dígí síwájú imú mi, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń mí.

Obìnrin inú ẹgbẹ́ tí o fún ní nọ́ńbà mi ló ṣe é. Mo bi í pé ìjọba wo ló rán wọn, ó ní ìjọba kankan kọ́, àwọn kàn kóra jọ láti máa gbèjà àwọn tó rìnrìn àjò ni. Ó ní bí àwọn ìjọba bá ń ṣèpàdé lórí àwọn tó ń kọjá ẹnubodè, ẹ̀yìn pátápátá làwọn máa ń dúró sí, títí wọ́n á fi fún àwọn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti sọ̀rọ̀. Àánú ẹsẹ̀ wọn ṣe mí. Iṣẹ́ káfíńtà kúkú niṣẹ́ mi, mo ti kan bẹ́ǹṣì kan fún wọn, ó gba èèyàn mẹ́fà. Inú fóònù la ti ń rí ara wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da aṣọ bo fóònù náà báyìí kí n tó bọ́ ṣòkòtò.

Ó fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́, wọ́n ní kí àwọn òbí ọmọ tẹ̀ka sí i. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kéré, ẹni tó ṣe é kò mọ ilé wa. Ṣé èmi àti ìyá rẹ nìkan la tọ́ àbúrò rẹ ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ìyàwó aránṣọ tó fún un lọ́mú nígbà tí ìyá rẹ wà lọ́sibítù ńkọ́? Mo yá tàdáwà lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, mo gbé fọ́ọ̀mù káàkiri, òbí mọ́kànlélógójì ló tẹ̀ka, iwájú kún, ẹ̀yìn kún. Màmá àgbà tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti àkọ́kọ́ ò hàn. Ìyá rẹ sunkún, ó ní mo ti ba ọ̀rọ̀ ọmọ òun jẹ́.

Àṣé ọ̀gá àwọn tó tì í mọ́lé ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ náà kò lẹ́nìkan láyé. Ọ̀gá yìí wà nípàdé àwọn ìjọba yẹn. Nígbà tó kan obìnrin náà láti sọ̀rọ̀, kò sọ púpọ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù wa sókè, ó ní kí wọ́n bá òun ka àwọn òbí ọmọ tí kò lẹ́nìkan. Ó ní ọ̀gá náà kà á, ó tún un kà, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ọmọ mi.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni bàálù rẹ̀ máa balẹ̀. Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kí ọkọ̀ náà tóbi, kí orí rẹ̀ sì lè gba bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ náà, bóyá bàálù á bá wa gbé e lọ fún wọn. Má fi owó èèyàn méjì ránṣẹ́ o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìtúsílẹ̀ pé kí àwọn òbí rẹ̀ wá gbà á, gbogbo wa la sì ti wẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ò ní pọ́n ọ. O ò ní wá ẹni tí yóò tẹ̀ka fún ọ tì.

Èmi ni bàbá rẹ,
ọ̀kan nínú mọ́kànlélógójì.