Òkè Tí Wọ́n Sọ Lórúkọ Ajá

Àǹtí Lorna,

Èmi, Ọ̀gá Àgbà gbogbo àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ àríwá, tí ń fi ìka kan ṣoṣo ṣí òkè nídìí, ni mo kí ẹ̀yin, ọkọ yín àti ìkókó. Ara Ìyá àgbà le, àfi orúnkún. Ẹja tí a sá gbẹ dáadáa.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi hẹlikópítà balẹ̀ sí àfonífojì ilé yín níbí. Ọ̀kan bi Ìyá àgbà pé, "Màmá, kí lorúkọ òkè yẹn?" Ìyá àgbà dákẹ́ ná, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń jẹ́ kí ìbéèrè balẹ̀. Kí wọ́n tó la ẹnu pé Òkè Ìṣọ́ Àgbọ̀nrín ni, ó ti ní, "Kò lórúkọ." Ló bá fi orúkọ ajá rẹ̀ sọ ọ́: Bíńgò. Òkè tí a sin màmá wa sí.

Ìyá àgbà ní, "Ṣé ajá ni yóò máa gbó lórí ọmọ mi ni?" Inú ń bí mi gan-an.

Ìlú tí ẹ̀ ń gbé ni ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilẹ̀ náà wà. Wọn yóò tẹ àwòrán-ilẹ̀ náà kí odò tó di yìnyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi kọ orúkọ òkè náà gan-an. Ọlọ́run yóò wo ọmọ yín dàgbà.

Ọ̀gá Àgbà kankan ò kọ èyí. Èmi Jarvis, àbúrò yín, ni. Bí mo bá fi orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ ó ní mo tún ń ṣeré, ẹ ò ní kà á.