Níbo Ni Kí N Ta Ìyálé Sí?

Ọjọ́ Ajé, 31 Mée, 1982

Àdìjátù ti lọ. Ó di ẹrù, ó bọ́ sínú ọkọ̀ Àgọ́-Àmọ̀dù, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀. Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi. Gbogbo ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ọjọ́ tí Ìyálé bá jáde nílé yìí ni kí ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ìyálé — ańpílífáyà mi ni. Àdìjátù ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó wọlé mi, nígbà tó rí i pé àpótí náà àti gbohùngbohùn rẹ̀ ti gba igun yàrá tó dáa jù. Ó ní òun bá a nílé ni, òun ò lè bá ìyálé du àyè. Ẹ̀rín la fi rín nígbà náà. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ́ mi lẹ́nu.

Ohun tó fa tòní ni òjò àná. Páànù ilé wa ń jò, kì í ṣe òní, kì í ṣe àná. Ibà ń ṣe Àdìjátù, ó sùn lọ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ni mo wà tí òjò ṣú. Mo sáré wálé, mo ṣí àpótí aṣọ, mo fa èyí tọ́wọ́ mi kọ́kọ́ bà, mo fi bo Ìyálé dáadáa. Mo tiẹ̀ ki etí ẹ̀ bọ abẹ́. Ìgbà tí mo yíjú padà, Àdìjátù ti jókòó sórí ibùsùn. Omi ń kán sí i lórí, tó, tó, tó. Ó ń wo aṣọ òfì ìgbéyàwó ẹ̀ lára Ìyálé.

Mo ní mo rò pé ó ń sùn ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá.

Ká sòótọ́, kí ni mò ń fi ańpílífáyà ṣe? Ẹgbẹ́ orin wa ti tú. Onílù lọ sí Èkó. Onígìtá ń wakọ̀ Ìjìó. Èmi olórin wọn ń rán ṣòkòtò. Oṣù ààwẹ̀ sì ń bọ̀, ta ni yóò se sààrì fún mi? N ò ní purọ́ fún ìwé: kì í ṣe ti sààrì nìkan. Ọkọ̀ ẹ̀ kò tíì lè dé Àgọ́-Àmọ̀dù báyìí, àárò ẹ̀ sì ti ń sọ mí.

Ìyálé máa lọ. Ṣùgbọ́n kò ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́ o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Júùnù

Ẹ̀bà láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́. Ti alẹ́ kò ṣeé bù.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júùnù

Mo gbé Ìyálé lọ sí Ìsẹ́yìn, sí ṣọ́ọ̀bù Ògúndìran tó ń ta ohun èlò orin, tuntun àti àlòkù. Kọ̀ńdọ́ gba owó èèyàn méjì lórí ẹ̀. Mo ní kò lẹ́sẹ̀. Ó ní ó nídìí.

Ògúndìran — Ojú-Awò ni màá máa pè é níhìn-ín, nítorí awò tó fi sójú nípọn bí ìdí ìgò — kò tiẹ̀ wo iwájú Ìyálé. Ẹ̀yìn ló lọ tààrà. Ó tú u. Aáyán kan jáde, ó dúró, ó wò wá, ó padà wọlé. Ojú-Awò ní ó jọ pé èyí ti pẹ́ nínú ilé náà. Ojú tì mí.

Ìlànà tiwọn: wọn kì í fi owó ra àlòkù lọ́wọ́ èèyàn. Kí o gbé tìrẹ sílẹ̀, kí wọ́n díye lé e, kí o fi iye náà mú nǹkan mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù. Iye tó dá lé Ìyálé, n kò ní kọ ọ́ síbí. Mo ní ìyẹn kò tó owó wáyà ìdí ẹ̀. Kò bínú. Ó ní òun máa tún un ṣe, òun máa nù ún, ó sì lè jókòó síbẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí ẹnì kan tó béèrè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò ní yé gbowó ilé lọ́wọ́ òun. Tí mo bá fẹ́ iye tó wà lọ́kàn mi, kí n lọ tà á fúnra mi nílé, ojú mi á rí nǹkan. Kò purọ́ kankan fún mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Lẹ́yìn náà ló wá fi dùùrù kan hàn mí. Dùùrù ńlá, eyín ẹ̀ mélòó kan ti yọ. Ó ní kí n fi Ìyálé gbà á, kí n fi díẹ̀ lé e. Mo jókòó tì í. Mo fọwọ́ kàn án. Ó dún. Ìwé mi, ó dún! Ibẹ̀ ni ìrun àsárì bá mi. Mo ti ń fi ojú inú wá ibi tí màá gbé e sí — àyè Ìyálé kò ní gbà á, àfi ká yọ ibùsùn síta — ibùsùn ló rán mi létí Àdìjátù. Mo dìde bí ẹni tí ìjàlọ ta.

Èmi àti Ìyálé la jọ padà wálé. Owó èèyàn méjì ni lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Júùnù

Mo kọ ọ́ sára páálí, mo gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi: OHUN ÈLÒ ORIN, OHÙN RẸ̀ MỌ́, Ẹ BI TÉLỌ̀. Mo gbé Ìyálé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fi bátìrì mọ́tò sí i nídìí.

Èrò dé. Mo rò pé Ojú-Awò ló pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá dé á ní kí òun gbọ́ ohùn ẹ̀ ná. Báwo la sì ṣe ń gbọ́ ohùn níhìn-ín? Kí n pe orúkọ òun, kí n fi orúkọ bàbá òun tì í, kí n ki òun díẹ̀ kí òun mọ bó ṣe ń ròkè sí. Mo ki alápatà. Mo ki ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo ki ìyá kan tó ní òun kàn ń kọjá lọ ni, ó sì jó dé ìdí igi. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ohùn tèmi ti há, ti Ìyálé mọ́ ketekete, wọ́n sì ti lọ sílé wọn pẹ̀lú ayọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè iye.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló dákẹ́ lójijì. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ibì kan wà lápá òsì ẹ̀, nísàlẹ̀, téèyàn ń fọwọ́ lù pẹ́pẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Á tún sọ̀rọ̀. Àdìjátù máa ń sọ pé n kò fọwọ́ rẹ òun bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé, 7 Júùnù

Oníbàárà gidi. Ìyápọ̀, alágbo tó ń ta oògùn aràn láti ọjà dé ọjà. Ó dúnàá-dúrà bí ẹni tó lówó. A fẹnu kò. Ó ní kí òun kọ́kọ́ gbé e dé ọjà lọ́la, kí òun mọ̀ bóyá ohùn ẹ̀ lè borí ariwo. Mo ní kò burú. Mo fi ojú inú jẹ iyán lálẹ́ yìí, lórí owó tí kò tíì dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Júùnù

Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ Ìyálé láti inú ọjà, ó ń sọ̀rọ̀ aràn. Aràn gígùn, aràn kúkúrú, èyí tó ń jẹun kí o tó jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ Ìyápọ̀ gbé e padà. Ó ti ta gbogbo oògùn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tán. Ó wá ní ohùn Ìyálé ti há jù, òun ò rà á mọ́.

Mo fẹ́ ṣépè. Ó fún mi ní ìgò oògùn aràn kan. Mo gbà á, ta ló ń fi sílẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 10 Júùnù

Mo lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó mi, wọ́n kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Iyán òtítọ́. Ibà Àdìjátù ti lọ, ojú ẹ̀ ń dán. Ó jókòó sí iwájú mi, ó ń jọ èlùbọ́. Ó béèrè pé ṣé Ìyálé ti jáde. Mo ní ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun mọ̀ pé ó máa dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà?

Mo ṣàlàyé Ojú-Awò fún un, mo ṣàlàyé Ìyápọ̀. Ó dá mi dúró níbẹ̀. "Ẹ̀ ń wá ẹni tó máa san iye tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀ tó. Ta ló máa san ìyẹn?"

Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ ààwẹ̀, tí Ìyálé bá ṣì wà, ọ̀dọ̀ ìyá òun ni òun á ti gbààwẹ̀. Ó wí i wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo padà wálé, ilé ò gbà mí, ọ̀nà ò gbà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Júùnù

Ọlọ́run ò sùn. Ràsáàkì wá, akápò mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pèrun ti jóná, oṣù ààwẹ̀ sì ti kanlẹ̀kùn. Ó béèrè iye. Mo sọ ọ́, mo fi díẹ̀ lé e. Kò fajú ro! Ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí n kàn gbé e wá kí wọ́n gbọ́ ọ. Owó mọ́ṣáláṣí dájú ju ti alágbo lọ. Mo nu Ìyálé. Mo lé aáyán.

Ọjọ́ Jímọ̀, 18 Júùnù



Mo gbé e débẹ̀ ní kùtù. Mo so gbohùngbohùn mọ́ òrùlé, mo lù ú pẹ́pẹ́, ó jí. Wáàsí Lèmọ́mù dé etí oko. Baba tí a kì í gbọ́ ju ìlà kejì lọ! Àwọn tó wà lẹ́yìn ń mi orí. Mo jókòó, mò ń wo Ràsáàkì, mò ń ṣírò owó nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run forí jì mí.

A kírun tán, Lèmọ́mù kò fi máìkì sílẹ̀. Ó dùn mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n béèrè ta ló gbé ẹ̀rọ yìí wá. Ràsáàkì ní Yẹ̀kínì télọ̀ ni. Ó yẹ kó fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Kó tó la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, Lèmọ́mù ti gbọ́wọ́ sókè:

"Yẹ̀kínì ọmọ Àmúdà, tó gbé ẹ̀rọ yìí fún ilé Ọlọ́run, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní sàráà."

Gbogbo mọ́ṣáláṣí: Àmín!

Èmi náà: Àmín.

Ẹnu mi ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi láti máa ṣe àmín. Ta ní í dúró gbọ́ àdúà tán kó tó ṣe é? Ọ̀kan yẹn jáde tán kí n tó mọ ohun tí mo fọwọ́ sí. Wọ́n ṣe fún ìlera mi, mo ṣe àmín. Wọ́n ṣe fún ilé mi, mo ṣe àmín kíkankíkan. Ìyálé fúnra ẹ̀ ló sì ń ké gbogbo ẹ̀ jáde, ó ń fi ara ẹ̀ tọrẹ fún gbogbo Ṣakí.

Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́ títí apá fi ń ro mí. Mo wá Ràsáàkì rí lẹ́yìn bàtà àwọn èèyàn, ó ń wo èékánná ẹ̀. Mo ní owó ńkọ́. Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. "Ó dáa. Ta nínú wa ló máa lọ bá Lèmọ́mù pé kí wọ́n dá àdúà padà?"

Mo rìn lọ dé ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù. Wọ́n tún ṣe àdúà fún mi. Mo tún ṣe àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Júùnù

Ọkùnrin kan wá láti Ìgbòho lórí alùpùpù, ó ní wọ́n ní télọ̀ kan ń ta ańpílífáyà. Owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tiẹ̀ fi hàn mí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 21 Júùnù

Ìròyìn ti ṣáájú mi dé Àgọ́-Àmọ̀dù. Ìyá ìyàwó mi fúnra wọn ló mú Àdìjátù wá. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹni Ọlọ́run ni àna àwọn. Ọmọdé ń lo ohun ìní ẹ̀ fún ayé, èmi fi tèmi ṣe sàráà. Mo dọ̀bálẹ̀, ojú mi kò kúrò nílẹ̀. Àdìjátù dúró lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.

Wọ́n lọ tán, ó wọ yàrá. Ó wo igun tó ṣófo. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀ ń tà á lọ́wọ́ ni, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọ́n wá fi àdúà gbà á lọ́wọ́ yín."

Mo ní èmi náà ṣe àmín. Ó di ara ilẹ̀kùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tí mo bá a rín in. A gbé ibùsùn sí igun Ìyálé. Ibẹ̀ nìkan ni páànù kò ti jò. Ọdún méjì ni mo fi fún àpótí, mo tún fi òfì bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Júùnù

Wọ́n rí oṣù. Ààwẹ̀ lọ́la. Ràsáàkì sáré wá: Ìyálé ti yadi. Ládánì ti lù ú níwájú, ó ti lù ú lẹ́yìn. Mo lọ, mo fọwọ́ kàn án níbi tó mọ̀, ó dáhùn. Lèmọ́mù ní ó hàn pé ọwọ́ mi ni Ọlọ́run fi í sí, kí n máa wá jí ìlú fún sààrì lójoojúmọ́ títí ààwẹ̀ á fi tán. Wọ́n fi àdúà tì í. Ẹ ti mọ ohun tí mo sọ.

Mo sọ fún Àdìjátù. Ó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní nígbà tí Ìyálé wà nílé, ọ̀sán nìkan ló ń gba ọkọ lọ́wọ́ òun. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀. Ọbẹ̀ náà kò ṣeé jẹ.

Ọjọ́rú, 23 Júùnù

Mo dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Mo mọ̀ pé kò sùn.

Mo jí Ìyálé. Mo jí gbogbo àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé alápatà, ilé Ìyápọ̀ alágbo — ìyẹn, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ku ilé kan. N kò mọ ohun tó gbé mi. Mo ní, "Àdìjátù, aya Yẹ̀kínì, jọ̀ọ́, dìde. Aṣọ òfì rẹ, mo jẹ̀bi." Ohùn mi lọ, ó padà wá bá mi láti orí àpáta.

Mo jókòó, ebi ń pa mí, ìtìjú ò jẹ́ n lè lọ sílé. Ni mo bá rí i lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó fi ìborùn borí, ó gbé abọ́ tó fi àwo dé. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Kò wò mí. Iwájú Ìyálé ló gbé abọ́ sí, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyálé mi. Ọkọ wa ò tíì jẹun."

Máìkì ṣì wà ní títàn.

Gbogbo Ṣakí gbọ́. Láti àárọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń yà ní ṣọ́ọ̀bù wá bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ ìyálé, ọmọ ilé ta ni, kí ló dé tí mo fi í pa mọ́ sí mọ́ṣáláṣí. Mo ní kí wọ́n lọ bi Àdìjátù. Àdìjátù ń sọ fún wọn pé obìnrin dáadáa ni, òun tiẹ̀ ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́la.