Oúnjẹ Tó Sùn Lórí Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Rẹ

Hvidmose,
Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ Ìsinmi Ànàmọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé.

Dorte ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀ọ́ jókòó. Bó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, má wulẹ̀ dìde, nítorí kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òjò àárọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ọlọ́run tó pa wá mọ́ di ìgbà ìkórè yìí yóò pa ọ́ mọ́ ní Aarhus, níbi tí àwọn ará ilé kan náà kì í ti í kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ kò ní tutù, ilé rẹ kò ní tutù, ojú rere ni ọ̀gá rẹ yóò máa fi wò ọ́. Àmín.

Ilé wà bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ká páànù méjì lórí àká, ó gbé wọn sọ sínú oko Kresten, Kresten sì gbé wọn padà wá fún mi, ó jókòó ti kọfí mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú, nítorí náà mi ò mọ èyí tó ná mi jù nínú afẹ́fẹ́ àti Kresten. Ológbò ti tún bímọ, bẹ́ẹ̀ mo ti bá a sọ̀rọ̀. Àlùfáà ní kí n kí ọ. Kresten fúnra rẹ̀ ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́la, torí ó ń lọ rí dókítà ojú ní Aarhus. Mo lẹ ẹnu àpòòwé náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ojú rẹ̀ kò fọ́ tó bó ṣe ń wí.

Alberte ọmọ rẹ wà níta bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó wọ bàtà rọ́bà ìyá rẹ, èyí tó gùn ún dé itan, ó ń fi ọwọ́ lásán wa ànàmọ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ilé, ó sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó ti sọ ọ̀kan ní Kresten.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni ìpè tí o pè mí lánàá. O béèrè pé, Bàbá, ṣé ọmọ yẹn jẹun? Mo ní ó jẹun. O ní kí ló jẹ? Mo ní oúnjẹ ni. O ní oúnjẹ wo, Bàbá? Mo wá ní agbára fóònù ti ń tán lọ, mo sì pa á. Irọ́ kọ́ nìyẹn o, nítorí ìgbà gbogbo ni agbára fóònù ń tán lọ, bíi tèmi náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n pa á. Kí n tó pa á mo gbọ́ tí o ní bó bá tún rí bíi ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, o máa wá mú un lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Dorte, má tíì wá. Kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kalẹ̀, mo gbé ànàmọ́ bíbọ̀ kalẹ̀, mo da ọbẹ̀ oníyẹ̀fun lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe é, níwọ̀n bí agbára mi ṣe mọ. Ọmọ náà pa ẹnu rẹ̀ dé bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Búrẹ́dì àti omi nìkan ló jẹ títí o fi dé. O kò pa mọ́tò. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ní, Bàbá, ẹ̀bi yín kọ́, ilé yìí ni kò mọ́ ọn lára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo juwọ́ sí yín títí mọ́tò fi yí igun, mo wọlé, mo bá àwo rẹ̀ lórí tábìlì tí ojú ọbẹ̀ ti dì. Ilé yìí ni kò mọ́ ọn lára. Ilé tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n kó tó wọ mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi í pé kí ni wọ́n ń sè fún un nílé tó fi ń sanra. Ó sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní núdù ni, èyí tó dà bí okùn, pẹ̀lú ẹran màlúù lílọ̀, tí Màmá máa ń yí pọ̀ nínú agbada nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí wọ́n tó bọ́ kóòtù pàápàá. Mo wá sọ fún ara mi pé ohun tí ènìyàn lè sè tòun ti kóòtù lọ́rùn, èmi náà á mọ̀ ọ́n sè.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Fọ́ọ̀mù wọn bi mí pé oúnjẹ wo ni ara mi kọ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èyí tí wọn kò bá fún mi. Àwọn tó kù ti ń bọ̀ láti ọdún tó kọjá, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n mọ ibi tí ṣíbí wà. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí àga tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ káalẹ́ àti ó dàárọ̀ nìkan ni mo ń sọ fún wọn, bí mo bá sì dé ilé, mo tún máa ń sọ ó dàárọ̀ fún ológbò, kí ohùn mi má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa ríran. Mo rí i pé obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jù ni àlùbọ́sà rẹ̀ ń rí wọ́gọwọ̀gọ jù. Mo rí ọkùnrin kan tó jẹ́ ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, tó ń tọ́ agbada oníkálukú wò bí ẹni tó ń wá olè. Mo sì rí i pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì, gbogbo wọn á jókòó, kí tíṣà wa tó tanná sítóòfù. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Mi ò bi wọ́n.

Solvej ni orúkọ tíṣà náà, ọmọbìnrin kékeré tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń sáré bí ọ̀gbàrá òjò. Ó ní kí agbada gbóná títí èéfín tín-ínrín yóò fi máa yọ lára rẹ̀. Ẹran lílọ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì yí i pọ̀, kí a fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni atalẹ̀ àti ááyù, kí kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí a gé wẹ́wẹ́ bíi koríko tẹ̀lé wọn. Núdù ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú omi gbígbóná ju àkókò tí ẹni méjì fi ń kíra wọn lójú ọ̀nà, o sì mọ̀ pé ìkíni kì í gùn ní agbègbè wa. Kí a wá kó o lé ẹran, kí a ta omi sóyà dúdú sí i, kí a yí i pọ̀, kí a sì jẹ ẹ́. Mo la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ànàmọ́ máa wọlé? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Solvej ní, Bàbá Evald, ànàmọ́ ń sinmi lónìí. Ọlọ́pàá yẹn fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi, ó ní kí n má dá wọn lóhùn, òun náà ti fẹ́ béèrè.

Nítorí kí n lè máa dánra wò nílé, Solvej fi ọkùnrin kan sínú fóònù mi tó ń sè é. Mo gbé e ti ìgò iyọ̀. Ọmọlúwàbí ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Mo fọwọ́ kàn án lójú kó ní sùúrù, ó sì dúró lóòótọ́, ó na ṣíbí sókè. Mo lọ wá atalẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, mi ò rí i, mo bá kúkú lọ sí ilé ìtajà. Nígbà tí mo fi máa dé, ọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀ lórí ìdúró, ṣíbí ṣì wà lókè, kò bínú. Ojú tì mí gidi. Mo tọrọ àforíjì, láti ọjọ́ náà mo máa ń gé ohun gbogbo sílẹ̀ kí n tó jí i. Kresten bá mi níbi tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, Evald, ṣé kí n bá a wá àga ni? Mo ní rárá, kì í jókòó.

Ó wá di Sátidé tí Alberte máa dé. Mo ta àsíá sókè láti fi kí i káàbọ̀. Mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ojú irin máa gbé e dé, ebi á sì ti máa pa á, mi ò sì fẹ́ kó wọlé kó máa wo ojú mi lẹ́bàá sítóòfù. Nítorí náà ọ̀sán ni mo ti sè é, ó dára, ó ń ta sánsán, ọkùnrin inú fóònù pàápàá kò sè é jù bẹ́ẹ̀. Mo dà á sínú ìkòkò, mo sì ṣe ohun tí ìyá rẹ máa ń ṣe fún ànàmọ́ nígbà ìkórè. O rántí. Mo fi ìwé ìròyìn wé ìkòkò, mo gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá rẹ máa ń sùn, mo sì da ìbora oníyẹ́ lé e títí dé ọrùn. Kresten fi mọ́tò gbé mi lọ sí ibùdókọ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn ọmọdé nínú ọkọ̀ fa ọmọ lé mi lọ́wọ́, a kọrí sílé. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kresten nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo gbé ìkòkò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lójú ọmọ náà tí mo sì ṣí i, Dorte, núdù ti mu gbogbo omi inú rẹ̀, ó ti wú, ó ti di mọ́ra. Mo da ojú ìkòkò dé àwo, ó jáde lódindi, ó dúró gbọn-in bíi kùkùté igi. Ẹnu ọmọ náà pa dé. Mo mọ bí ẹnu yẹn ṣe máa ń pa dé. Mo wo fóònù lórí fèrèsé, mo ní kí n kúkú pè ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o má baà wakọ̀ lóru.

Ó wá bi mí pé, Bàbá àgbà, kí ló dé tí oúnjẹ fi ń sùn? Mo ṣàlàyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń jẹ́ kí oúnjẹ gbóná de ẹni tó lọ sóko. Mo ní ìyá tìrẹ gan-an, nígbà tó kéré jù ọ́ lọ, a máa yọ́ wọ yàrá lọ fi ẹsẹ̀ tútù rẹ̀ ti ìkòkò ànàmọ́ lábẹ́ ìbora, títí ìyá àgbà rẹ fi ká a mọ́ ibẹ̀ tó ní, Dorte, ṣé iyọ̀ ọbẹ̀ wa ni ẹsẹ̀ rẹ ni? Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó wọ yàrá, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ ìbora. Mo gbọ́ tó pariwo pé, ó ṣì gbóná! Ó wá rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi mú un, àfìgbà tí mo bu omi fún un.

Ó padà sí ilé ìdáná, ó fi ìka gún kùkùté náà, ó ní kéèkì ni. Mo ní bó bá jẹ́ kéèkì, a jẹ́ pé ọ̀bẹ ló kàn. A gé e bí a ṣe ń gé ànàmọ́ àná, a fi bọ́tà dín in títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbẹ, mo dín ẹyin lé e lórí, mo gbé bíítírúùtù inú fínígà tì í. Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún na àwo. Ó ní kò jọ ti Màmá. Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Ó ní ti Màmá kì í dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó dìde, ó ní ẹ ṣé fún oúnjẹ, Bàbá àgbà, ẹnikẹ́ni kò sì rán an létí.

Lánàá mo fẹ́ sè é bí Solvej ṣe kọ́ mi, kí ó jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ó kọ̀. Ó ní oúnjẹ náà kò tíì sùn. Ó fúnra rẹ̀ mú ojú ìwé bọ́ọ̀lù tó wù ú nínú ìwé ìròyìn, a wé ìkòkò, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, òun náà dùbúlẹ̀ tì í, ó ń ka ìwé títí a fi lọ dín in. Ohun tó jẹ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìbora níbẹ̀ nígbà tí ìpè rẹ wọlé, mi ò sì mọ bí bàbá ṣe máa sọ ọ́ lórí fóònù fún ọmọ rẹ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sùn sí. Dorte, ilé yìí ti ń mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Má wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ọjọ́ Sátidé ni kí o wá. Mo sì fẹ́ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ láti ra agbada, nítorí èyí tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ kò gbà ju oúnjẹ ẹni méjì lọ. Má fi owó náà ránṣẹ́ nínú fóònù o, torí mi ò tíì rí ẹnu ibi tó máa ń gbà jáde. Fi sápò, kí o gbé e wá fúnra rẹ láàárọ̀, kí n lè ra agbada náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí o bá dé, pa mọ́tò. Bọ́ kóòtù. Mo ti wá mọ ìdí tí àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ wa fi ń kọ́kọ́ tẹ́ tábìlì: oúnjẹ tiwa ló ń dúró de ènìyàn, ti Solvej kì í dúró. Nítorí náà ìwọ lo máa kọ́kọ́ jókòó, kí èmi tó tanná.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Kí oúnjẹ má tutù dè ọ́ láyé. Ọmọ rẹ ti wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ànàmọ́ kan wà níbí tó ń jẹ́ Dorte, a kò ní sè é títí wàá fi dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Evald