Ohun tí Tẹmómítà Kọ nípa Bàbá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ilé tó o háyà kò jò mọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ láìnídìí. Kọ́kọ́ jókòó kó o tó kà á, ṣùgbọ́n má jáyà o, èmi ti jáyà tó fún gbogbo wa.

Tẹmómítà oníbátìrì tó o fi rán awakọ̀ dé ọwọ́ mi. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ni mo fi í sí, torí ohun tó ń wá àìsàn kiri, bí kò bá rí i, ó lè pè é. Àfi bí ara bàbá rẹ ṣe gbóná lójijì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù, wọ́n ń fi orúkọ ìyá wọn pè mí. Mo sáré mú nǹkan náà, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, mo kì í bọ abẹ́ apá wọn lórí ẹ̀wù, torí mi ò fẹ́ bọ́ṣọ lára ẹni tí òtútù ń mú. Nígbà tó ké, mo wo ojú rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. L àti O ló kọ.

Ọmọ mi, ìwé tí mo kà ní kíláàsì àwọn àgbà kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ “lọ” kà. Ta ló ń lọ? Ibo ló ń lọ? Mo tún un ṣe, ó tún kọ ọ́. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló wí, mo ní ó ní ẹ kú ìfaradà. Mo ki gèlè bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi, mo sì sáré lọ pe nọ́ọ̀sì àdúgbò.

Nọ́ọ̀sì kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe èdè wa ló ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń wí pé ìgbóná tí òun rí kéré jù, pé ẹ̀wù ni mo wọ̀n, kì í ṣe bàbá rẹ. Ó nu abíyá wọn gbẹ, ó fi ṣóńṣó tẹmómítà kan awọ ara gan-an, ó pa apá wọn dé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ àfi tó bá ké. Ó ké: ogójì. Mo dúpẹ́, mo rò pé ogójì ọdún ló kù fún wọn láyé. Ojú nọ́ọ̀sì ni mo wò tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ó ní ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn kíá. Níbẹ̀, wọ́n gún bàbá rẹ lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí wọn lára. Dókítà ní ká ní a pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òun ò mọ ohun tí òun ì bá sọ fún wa.

A ti dé ilé. Mẹ́tàdínlógójì ló ń kọ báyìí, nọ́ọ̀sì ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi. Bí wọ́n bá sùn, mo wọ̀n wọ́n, bí wọ́n bá jí, mo wọ̀n wọ́n. Bàbá rẹ ní bí mo bá tún gbé apá àwọn sókè, àwọn á kó lọ sílé àbúrò àwọn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn tó kù àti bátìrì, torí bí ojú nǹkan yìí bá ṣókùnkùn lọ́jọ́ kan, mi ò ní mọ̀ bóyá bátìrì ló kú ni àbí èèyàn. Wàá jẹun ọmọ, ara rẹ á máa le, a ò ní gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Bó o bá pe bàbá rẹ, má sọ fún wọn pé mo sunkún. Èéfín ni mo ní ó kó sí mi lójú.

Èmi ni ìyá rẹ.