Òpó Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa

Thomas Estate,
Ajah.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2023.

Fúnláyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn aboyún tó wà lọ́wọ́ rẹ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọ yín ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀ láti oṣù mẹ́ta tí a kò ti bára wa sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pa òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé yín. Díìṣì ńlá ilé iṣẹ́ wa ló ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì fún àwọn ọkọ̀ òkun. Ohùn sátẹ́láìtì ti máa ń lọ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, òpó yín sì ń gba ọ̀nà kan náà lójú òfuurufú, ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìdíwọ́ ni mo rí nínú kọ̀ǹpútà, mi ò rí èèyàn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn tí wọ́n pa á tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da lára Modúpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn aboyún rẹ. Àbúrò rẹ, Tiwátọ́pẹ́, sọ fún mi bí o ṣe ń sáré káàkiri etí ọ̀sà, tí o na fóònù sókè láti pe dókítà, tí ìpè kankan kò lọ. Ọkọ̀ ojú omi lẹ fi gbé e dé ọsibítù. Ẹ dóòlà ẹ̀mí ìyá, ọmọ kò yè. Nígbà tí mo wá kí yín, o wò mí, o ní, "Àníọlá, ṣé o tiẹ̀ béèrè àwọn tó ń lò ó?" Mi ò béèrè.

Mo tọ Ọ̀gá Olúdélé, olórí wa, lọ. Mo sọ fún wọn pé irú rédíò kan wà tí a lè fi sórí òpó yín, tó máa ń fetí sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Bí díìṣì bá ń gba iṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ta òpó lólobó, òpó á sì yà sí ọ̀nà tó ṣófo kí ẹni tó ń pè tó mọ̀. Wọ́n ní kí n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, kò tètè yà, ìròyìn já. Ọ̀gá ní ó tán. Mo bẹ̀ wọ́n, mo tún un ṣe, mo jókòó tì í. Kò já mọ́. Àná ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Òpó yín yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo mọ̀ pé kò lè dá ọmọ yẹn padà. Mo ti lọ kúnlẹ̀ fún Modúpẹ́. Ó bu omi fún mi mu.

Kí Olúwa fún ọwọ́ rẹ lágbára, kí ó má jẹ́ kí o tún sunkún ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ìwé,
Àníọlá.

Mo gbàgbé: nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn ìwé yìí, bóyá o ti pa á rẹ́ nínú fóònù rẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dókítà ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o rí i pé ìpè náà lọ. Lẹ́yìn náà, bó bá wù ọ́, kí o pè mí.