Ajá Tí Ìyá Mi Kọ́ ní Ìjókòó

Òkè Ìsọ̀ Amọ̀kòkò,
Tansen, Palpa,
Nepal.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 1998.

Dilmani, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni iṣẹ́ ológun o? Ṣé òtútù Dehradun kò tíì máa gé yín létí? Aya rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọmọ tuntun ti ń rákò. Kí Ọlọ́run dá a sí fún yín. Sabitri, àbúrò mi, ní kí n kí ọ dáadáa. Èmi náà wà, ṣùgbọ́n ara nìkan ló le, ọkàn mi kò le. Dilmani, Ìyá ti kú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

O rántí Huri, ọmọ ajá tí èmi pẹ̀lú rẹ fà yọ nínú àgbàrá lọ́jọ́ tí òjò fẹ́ gbé afárá lọ. Ìwọ lo fún un ní orúkọ ìjì, orúkọ náà sì ro ó. Lẹ́yìn tí o lọ, ojú wa rí nǹkan. Ó fò mọ́ baba oníwàrà, wàrà dànù, baba sì jókòó sínú rẹ̀. Ó wọ́ ṣọ́ọ̀lù Ìyá yí ilé ká. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ á dùn débi pé á tọ̀ sílẹ̀.

Nígbà náà, Ìyá kò lè mí dáadáa mọ́, kò sì kúrò lórí ibùsùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń wù ú: kí ọdún tí a fi ń yẹ́ àwọn ajá sí tó dé, kí Huri ti mọ ìjókòó, kí òun lè fi ọwọ́ ara òun kun ọ̀dà pupa sí iwájú orí rẹ̀. O mọ ohun tí àwọn ìyá wa gbàgbọ́, pé ajá ló ń ṣọ́ ọ̀nà tí òkú ń gbà. "Ó gbọ́dọ̀ dá mi mọ̀ lọ́nà o," ni Ìyá máa ń wí. Á rẹ́rìn-ín, ikọ́ á sì gbà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Huri nìyẹn. Bí Huri bá fò mọ́ ọn, Ìyá á kọjú sí ògiri, kò ní wí nǹkan kan títí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á fi balẹ̀. Á wá gbé ẹ̀rún búrẹ́dì rótì sókè imú rẹ̀. Bí ajá bá ti gbójú sókè, ìdí á lọ ilẹ̀. Ìyá á fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ níwájú orí bí ẹni ń kun ọ̀dà, á fún un jẹ. Èmi ni wọ́n fi ṣe àlejò.

"Tún jáde, kó o tún kanlẹ̀kùn, àlejò tí kì í mú nǹkan kan wá yìí!"

"Ìyá, ó ti rẹ̀ mí o."

"Ó rẹ ìwọ tó ń rìn, kò rẹ èmi tí mò ń kú? Jáde jàre!"

Nígbà tí ọdún kù díẹ̀, mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Huri jókòó, kò mira. Ìyá sunkún ayọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó dákẹ́ láàárọ̀ bí Sabitri ṣe ń bu tíì fún un.

O mọ àṣà wa. Wọ́n fá orí mi, mo wọ aṣọ funfun tí mi ò ní bọ́ fún ọdún kan, wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù, tí a kà sí mímọ́, fa ìlà yí igun tí mo jókòó sí ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fara kàn mí fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Homnath, àbúrò bàbá mi, ní kí wọ́n mú Huri lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbíríkì, kó má padà wá mọ́.

"Ajá wèrè yẹn á fò mọ́ ọmọ olóòkú, gbogbo ìsìnkú á bàjẹ́!"

Sabitri kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wò ó ná. Tó bá kọjá ìlà, èmi fúnra mi á mú un lọ."

Huri sáré dé etí ìlà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo kọjú sí ògiri bí Ìyá ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti jókòó. Homnath ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọdún bọ́ sáàárín ọ̀fọ̀ wa. Gbogbo ajá àdúgbò ló gbé òdòdó kọ́rùn, tí iwájú orí wọn pupa. Tiwa nìkan ló wà lásán, nítorí ilé òkú kì í ṣe ọdún. Huri lọ jókòó níwájú ibùsùn Ìyá, ó gbójú sókè, ó ń retí. Mo sunkún débi pé mi ò lè fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹtàlá tí wọ́n tú mi sílẹ̀, mo wẹ̀, mo kọjá ìlà, mo la apá mi méjèèjì. Dilmani, ẹnì kankan kò tíì fọwọ́ kàn mí láti ọjọ́ tí Ìyá ti kú. Mo ní, "Huri, ó yá, fò mọ́ mi." Mo tún un sọ. Mo fọwọ́ lu àyà mi, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó sì gbé iwájú orí rẹ̀ sókè sí mi. Ìyá ti kọ́ ajá náà dáadáa.

Bá mi kí aya rẹ, kó o gbé ọmọ náà mọ́ra fún mi. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, máa bọ̀ nílé. Kò sí ẹni tó máa ti ojú fèrèsé pariwo orúkọ rẹ bí Ìyá ṣe máa ń ṣe mọ́, ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀.

Tìrẹ ni mí, nínú aṣọ funfun,
Khagendra.